Súwẹ́tà Ọmọdé Tó Ń Nà: Orí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo hun súwẹ́tà fún ọmọ mi ọlọ́dún méjì. Ara rẹ̀ ń nà dáadáa, àmọ́ ọrùn rẹ̀ kò gba orí ọmọ. Bí mo bá fi tipátipá fà á, igbe ló máa fi bọnu. Níbo ni mo ti ṣì í? (Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ìhun yín kò ní àléébù. Ibi tí ẹ ti pa ojú ìhun dé lọ́rùn, ìyẹn ìlà ìparí, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá fa òwú le nígbà tí ẹ ń kó ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́, ṣe ló dà bí ẹni so okùn mọ́ ọn létí: ara á nà, okùn ò ní nà. Ẹ fi ìka méjì fa etí ọrùn náà. Bí òwú kan ṣoṣo bá le gan-an lókè, tí àwọn ojú abẹ́ rẹ̀ sì ń ya ẹnu, òun náà nìyẹn.

Ẹ tú ìlà yẹn nìkan, kí ẹ kó ojú padà sórí abẹ́rẹ́. Ẹ wá hun ojú méjì pọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ dá ojú kan tó jáde níbẹ̀ padà sórí abẹ́rẹ́ òsì, ẹ tún hun òun àti èyí tó tẹ̀ lé e pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é títí yóò fi tán. Abẹ́rẹ́ tó fi mìlímítà kan nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù o. Orí ọmọ ọlọ́dún méjì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 48 yíká, ọrùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 25 lọ. Ìhun tí ẹ bá ń fà dé ìlọ́po méjì ní àràárọ̀ yóò rọ ni. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, a gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má rán èjìká òsì pa, kí ẹ fi bọ́tìnnì mẹ́ta sí i. Ẹ rán bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pinpin, nítorí ọmọdé máa ń já a sẹ́nu.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní iye ojú tí a ó dá fún irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀. Òtútù ibí ò ṣeé fojú di. (Ìyá àgbà, London)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Fún àyà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53, ẹ ra wúùlù DK (èyí tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù), gíráàmù 250, àti abẹ́rẹ́ mìlímítà 4. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí nọ́ńbà aró tó wà lára ìwé rẹ̀ lè bára mu.

Ẹ dá ojú 70 fún ẹ̀yìn. Ojú méjì tó yọ síta, ojú méjì tó wọnú, kí ìlà parí sí méjì tó yọ. Bí ẹ bá yí i padà, èyí tó bá yọ sí yín, ẹ hun ún kó yọ. Èyí tó wọnú, kó wọnú. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò ní ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23 lọ, ẹ ó sì rò pé ti ìkókó ni. Ẹ má bẹ̀rù. Ìsúnkì yẹn gan-an ni yóò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, tí yóò sì nà bí ó ti ń dàgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ yí iye ojú padà, ẹ lo iye tí mẹ́rin pín dọ́gba, kí ẹ wá fi méjì lé e. Ìdí ni pé ìránpọ̀ yóò gbé ojú kan mì lára iwájú, yóò gbé kan mì lára ẹ̀yìn; méjì tó yọ ni yóò ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tí ẹ ti rán an.

Ẹ̀yìn ga ní sẹ̀ǹtímítà 33. Níbẹ̀, ẹ pa ojú 30 àárín dé àti 20 èjìká ọ̀tún. Ẹ hun 20 èjìká òsì lọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí i, orí rẹ̀ ni bọ́tìnnì máa jókòó sí. Ojú 70 náà ni iwájú, ṣùgbọ́n tó bá ti ga dé sẹ̀ǹtímítà 28, ẹ pa ojú 30 àárín dé, kí ẹ hun èjìká méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 33. Ẹ ṣe ihò bọ́tìnnì mẹ́ta sí etí èjìká òsì tiwájú.

Apá: ojú 42. Ní ìlà kẹfà-kẹfà, ẹ fi ojú kọ̀ọ̀kan kún etí méjèèjì, ìgbà mẹ́wàá, yóò di 62. Sẹ̀ǹtímítà 21 ni gígùn rẹ̀. Ẹ rán an mọ́ ara láti èjìká wá sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ dẹ òwú ìránpọ̀. Tó bá le, ọmọ ò ní lè na apá.

Ìbéèrè: Króṣè ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ tèmi máa ń gan bíi páálí. (Aránṣọ, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Okùn méjì tó wà lórí ojú kọ̀ọ̀kan lẹ jọ ń kó. Okùn ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ máa ki píìnì sí, ẹ ó rí i pé yóò máa ṣe poro bí ebè. Ẹ lo píìnì mìlímítà 5 dípò 4. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gùn láti ìdí dé èjìká, kí poro náà lè dúró lóròó. Ẹni tó bá ṣe é láti ìdí lọ sókè, gígùn ni yóò máa nà, kì í ṣe àyà. Wúùlù tó máa gbà á ju ti abẹ́rẹ́ lọ, nítorí náà ẹ ra kún un.

Ìbéèrè: Mo lọ súwẹ́tà ọmọ mi, ló bá rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Ṣé ó ṣì lè padà? (Ìyá ìbejì, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ó dùn wá pé kò ní padà mọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà, akírílíìkì (òwú àtọwọ́dá bíi ike) ni, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì máa ń pa ìnà rẹ̀ pátápátá. Kí ẹ tó hun òmíràn, ẹ gé òwú díẹ̀, kí ẹ fi iná ràn án lórí abọ́ omi. Irun àgùntàn á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún. Akírílíìkì á yọ́, á gan bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Òwú lásán (kọ́tìnì) ò dára fún iṣẹ́ yìí, torí tó bá nà, kì í súnkì padà.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ ká a sínú táwẹ́lì, ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ. Lórí okùn, ìwúwo omi ni yóò fà á gùn dé orúnkún ọmọ.