Àwọn Òfin Tí Mo Fi Ń Ta Póókà Lẹ́yìn Tí Mo Ti Pàdánù Púpọ̀

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó mọ òfin póókà dáadáa, tó sì mọ ọwọ́ káàdì tó ju èkejì lọ, fi máa ń kúrò nídìí tábìlì pẹ̀lú àpò òfìfo. Ìbéèrè yẹn dààmú èmi náà fún ọdún mẹ́ta, owó tí mo sì fi ra ìdáhùn rẹ̀ kò kéré. Ohun tó sábà máa ń jẹ wá lówó ni ìpinnu tí a ń ṣe lẹ́yìn tí káàdì bá ti dùn wá.

Nínú póókà tí mo ń ta, káàdì méjì ni wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ṣí márùn-ún mìíràn sáàárín tábìlì fún gbogbo wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, áàsì méjì, ìyẹn káàdì tó ga jù lọ, wọlé sí mi lọ́wọ́, èyí tí a lè retí ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 221 tí wọ́n bá pín káàdì. Mo kó gbogbo owó iwájú mi sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan, ẹnì kan tó ní kíìngì méjì sì gbà láti bá mi fà á. Bí a bá ta irú ayò bẹ́ẹ̀ nígbà 100, áàsì yóò jẹ nǹkan bí ìgbà 82, àmọ́ kíìngì kẹta ni káàdì tí wọ́n ṣí ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Mo ń wò ó bí ọkùnrin náà ṣe fi apá méjèèjì wọ́ owó mi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó yẹ kí n dìde, n kò dìde. Mo tún kó owó mìíràn jáde, mo sì ń fi ọkàn gbígbóná ta àwọn káàdì tí n kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí ara bá tù mí, títí tí àdánù mi fi di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé owó àkọ́kọ́ nìkan ni àìríire mú lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú ìyókù dànù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan, tí mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ayò mi, pé bí mo bá ti pàdánù iye tí mo fi jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ilé yá. Owó póókà mi wà lọ́tọ̀ sí owó oúnjẹ àti owó ilé, n kì í sì í gbé ju ìdá kan nínú 30 rẹ̀ lọ sídìí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń fi owó ilé ta ayò kò lè ronú bó ti yẹ, nítorí ẹ̀rù yóò máa bá a ṣèpinnu.

Ẹ tún máa ṣírò kí ẹ tó sanwó wo káàdì. Ká ní ẹyọ 100 wà láàárín tábìlì, tí alátakò yín sì fi 50 lé e: ẹ ó san 50 láti jẹ 150, nítorí náà ó yẹ kí ẹ lè jẹ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá ní káàdì mẹ́rin tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ẹ sì ń retí ìkarùn-ún kí ẹ lè jẹ, tó sì ku káàdì kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣí, 9 péré ló lè gbà yín nínú 46 tí ẹ kò tíì rí, èyí tí kò tilẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ẹ jù ú sílẹ̀, àfi bí ó bá dá yín lójú pé alátakò náà ṣì ní owó púpọ̀ lẹ́yìn, tí yóò sì san án fún yín bí káàdì náà bá jáde. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe èyí láìkábàámọ̀.

Ní ti ìjókòó, káàdì tí mo ń jù sílẹ̀ nígbà tí èmi ni mo kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ pọ̀ gan-an ju èyí tí mo ń jù nígbà tí mo bá kẹ́yìn, nítorí ẹni tó kẹ́yìn ti rí ohun tí gbogbo wọn ṣe.

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ ayò ńlá mẹ́wàá tó ń bọ̀ sínú rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ kọ ẹni tó jẹ, kí ẹ sì bi ara yín lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ohun kan náà ni ẹ ó ṣe bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ áàsì méjì alẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ni mo kọ. Lábẹ́ gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ kọ́.