Fóldà tẹ́ ẹ kó sórí flash yẹn kì í ṣe backup o

Ìbéèrè: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka káàdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àdáni kan n'Íjẹ̀bú-Òde. OpenMRS 1.9, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù aláìsàn, là ń lò lórí Windows látọjọ́ yìí, ọ̀gá wa ti wá ní ká bọ́ sórí 2. Bọ̀dá kan ní òru ọjọ́ kan péré lòun máa fi ṣe é, ó ní ká jẹ́ kó bọ́ sọ́jọ́ Ojúde Ọba torí aláìsàn ò ní pọ̀. A ti kó fóldà database wa, ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn wà, sórí flash. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu wà, àbúrò mi. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń bi mí, wọ́n bi mí láti Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n bi mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo wọn ló ń fi "a ti kó fóldà" parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi upgrade, bíbọ́ sórí 2 yẹn, sílẹ̀ ná, torí bí nǹkan ṣe wà yìí ẹ ò ní backup kankan, ìyẹn ẹ̀dà tẹ́ ẹ lè lò tí ti àkọ́kọ́ bá bà jẹ́.

Ibi tí ìmọ̀ràn pé ká kó fóldà ti wá ni pé láyé ọjọ́un, MyISAM ni MySQL, ètò tó ń tọ́jú database yín, fi ń tọ́jú table (àwọn àtẹ tí data wà nínú wọn), tẹ́ ẹ bá ti pa MySQL tẹ́ ẹ kó fóldà ẹ̀ lọ síbòmíì, ó máa ṣí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn ò parọ́ fún yín. Àmọ́ láti MySQL 5.5 ní 2010, InnoDB ló ń lò tí èèyàn ò bá yan òmíì, òun náà sì ni OpenMRS ń lò. InnoDB kì í kó gbogbo ẹrù ẹ̀ síbì kan. Díẹ̀ wà nínú fóldà openmrs tẹ́ ẹ rí yẹn, ohun tó fi ń dá wọn mọ̀ wà nínú ibdata1 tó wà níta fóldà náà, èyí tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọlé sì lè ṣì wà nínú ib_logfile (fáìlì tó kọ́kọ́ ń kọ àyípadà sí) tàbí nínú memory kọ̀ǹpútà, kò tíì balẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti ń kó o. Ó tún burú sí i tó bá jẹ́ ìgbà tí MySQL ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ kó o!

Mo rí i níbì kan ní Rẹ́mọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà wọn kú, wọ́n mú flash jáde, ọkàn wọn balẹ̀. A kó fóldà náà sínú MySQL tuntun, a ní kó to àwọn table fún wa, ó tò wọ́n, patient (àwọn aláìsàn), encounter (ìgbà tí wọ́n wá), obs (ohun tí wọ́n kọ nípa wọn), kò sí èyí tó ku, inú gbogbo èèyàn dùn. A wá ní kó ṣí patient, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé Table 'openmrs.patient' doesn't exist. Aláboyún tó wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó lọ tún blood group àti genotype ṣe, ìyẹn ṣì dáa, owó àti àkókò ló fi ṣòfò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí wọ́n ti kọ ọ́ sí rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba penicillin, tí kò sí níbẹ̀ mọ́, tóun náà ò rántí sọ, tí nọ́ọ̀sì wá gbé abẹ́rẹ́.

Backup lèyí tẹ́ ẹ ti gbé sórí kọ̀ǹpútà mìíì, tó ṣí, tẹ́ ẹ fojú ara yín rí aláìsàn nínú ẹ̀. Mysqldump ni kẹ́ ẹ lò, òun ló ń kọ gbogbo database sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní dump. Ẹ fi --single-transaction sí i kí gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ ti ìṣẹ́jú kan náà, ẹ fi --routines sí i torí kì í kó àwọn routine, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ pamọ́ sínú database, fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ Windows PowerShell (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ) lẹ wà, ẹ má fi àmì > darí ẹ̀ sínú fáìlì o, irú ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní UTF-16 ló máa kọ ọ́ sí, MySQL ò ní lè kà á padà, --result-file ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tó bá parí ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn, ó yẹ kẹ́ ẹ rí "Dump completed on" àti déètì. Tẹ́ ò bá rí i, ó já lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ kó fóldà data OpenMRS náà mọ́ ọn, inú ẹ̀ ni àwọn module (àwọn àfikún OpenMRS) wà, àwọn fọ́tò àti x-ray tí wọ́n gbé sínú complex_obs ò sí nínú database rárá, openmrs-runtime.properties ló sì ní password àti kọ́kọ́rọ́ encryption.

Ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù kan tó ní irú MySQL yín gan-an. Ẹ ka iye tó wà nínú patient, encounter àti obs níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí database yín wà lórí ẹ̀. Ẹ fa káàdì páálí díẹ̀ yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti àtijọ́ àti ti àná, kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá orúkọ tó ní ṣ, ẹ àti ọ. Tí Ṣónúgà bá ti di ?ónúgà, charset (ọ̀nà tó ń gbà kọ lẹ́tà) ti ṣì, ẹ dúró síbẹ̀, ohun tó bá ti di ? nínú ẹ̀dà yẹn ò lè padà mọ́.

Orí láptọ́ọ̀pù yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ ṣe upgrade. OpenMRS 2 nílò Java 8, àwọn module 1.9 kan ò sì ní dìde lórí ẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀, kì í ṣe lójú aláìsàn. Tó bá ń dìde lẹ́ẹ̀kíní, Liquibase, irinṣẹ́ tó wà nínú OpenMRS, á máa tún àwọn table tò, ó lè pẹ́ gan-an tí obs bá pọ̀, ẹ má pa á. Tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, ó máa ti ara ẹ̀ mọ́ LIQUIBASECHANGELOGLOCK, ìyẹn àgádágodo ẹ̀, àwọn table á dúró lágbede méjì, kò sì sí bọ́tìnì tó ń dá a padà, àfi dump yẹn. Torí náà UPS àti jẹnẹrétọ̀ tó ní epo nínú, kó wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ MySQL 5.7 lẹ ń lò, ó ti kúrò lábẹ́ àtìlẹ́yìn láti October 2023, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe òun àti upgrade OpenMRS pọ̀ lóru kan náà.

Ojúde Ọba kẹ̀? Rárá o. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí èrò kún Ìjẹ̀bú-Òde dẹ́nu, tí regberegbe, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ń jó wọlé, tí ẹṣin ń sáré, ẹni tó bá ṣubú lẹ́ṣin àtẹni tí ọ̀kadà gbá, ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Ẹ wá alẹ́ Sátidé lásán kan, kẹ́ ẹ tẹ fọ́ọ̀mù bébà sílẹ̀ fún gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ní ti bọ̀dá yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò ní bà á jẹ́. Àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé data yín lọ sílé. Lábẹ́ òfin ààbò data ti 2023, ọ̀rọ̀ ìlera wà lára èyí tí wọ́n ní ká dáàbò bò jù, ẹni tó ní HIV náà wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ kọ àdéhùn, kí lọ́yà yín wò ó. Flash yẹn náà, tó bá wà nínú báàgì ẹnìkan, ẹ gbà á lónìí, kẹ́ ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Mi ò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín o, ohun tí mo sọ yìí lè má bá tiyín mu délẹ̀. Tí iye aláìsàn tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ò bá dọ́gba pẹ̀lú ti server, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ, kẹ́ ẹ bo orúkọ àwọn aláìsàn, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí mi.