Ṣé ó yẹ kí a dá ọmọ tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́kun?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin wa ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún 3. “Púgúdù” ni ó ń pe ìrọ̀rí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà mìíràn á to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí orin, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ní kí a máa bá a wí, kí ó má baà sọ ọ́ di bárakú. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má ṣe bá a wí, nítorí eré yìí wà lára ọ̀nà tí ọmọ ń gbà mọ èdè.

Ìró ni ó gbádùn nínú “púgúdù”: ó ń dán ahọ́n àti ohùn rẹ̀ wò. Oríṣi mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù ú lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi òfin èdè ṣẹ̀dá. Bí ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ àlùmọ́gàjí bá pè é ní “agéṣọ”, ó ti mọ̀ pé a lè fi “a” síwájú iṣẹ́ kí ó di orúkọ ẹni tàbí ohun tó ń ṣe é, bí a ti ń sọ “apẹja” àti “akọrin”, ó sì ti mọ bí “gé” àti “aṣọ” ṣe ń wọnú ara wọn. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní èyí; òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1958, Jean Berko, onímọ̀ nípa èdè ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán ẹ̀dá kan tí kò sí láyé han àwọn ọmọdé, ó pè é ní “wug”; nígbà tí ó fi méjì hàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn fi “s” tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ nǹkan di púpọ̀ kún un, wọ́n ní “wugs”, ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá ní kí ẹ gbé púgúdù òun wá, ẹ dáhùn pé, “Ó dáa, mò ń gbé ìrọ̀rí rẹ bọ̀.” Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi náà, ọ̀rọ̀ yín kò sì já, ẹ má fi dandan mú un kí ó tún un pè. Lójú tèmi, ẹ̀yin náà lè pe púgúdù nígbà eré. Bí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ẹnà sọ̀rọ̀, eré kan náà ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni bóyá ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, àbí òun nìkan ni ó ń sọ. Bí ọmọ ọdún 2 kò bá ní tó nǹkan bí 50 ọ̀rọ̀, tí kò sì tíì máa so méjì pọ̀, tàbí bí ọmọ, iye ọdún yòówù kó jẹ́, bá pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí omi tó gbá jọ sẹ́yìn ìlù etí lè mú kí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àbọ̀ láìjẹ́ pé etí ń dùn ún.

Bí àlejò bá lóye púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ yín ń sọ, ẹ fi sùúrù sọ fún màmá pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ déédéé. Kí wọ́n máa pa ìtàn fún un, kí wọ́n sì máa fún un láyè láti fèsì.