Ṣé bàtà òjò wúlò fún ọmọ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú, àbí oge lásán ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Manchester la wà, èmi àti àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé ìwé wọn níbí ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bàtà òjò tirẹ̀, torí wọ́n máa ń kó wọn lọ ṣeré nínú igbó kékeré kan. Mo ti rà á. Ní báyìí, a fẹ́ lọ kí màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóṣù keje. Oko wà lẹ́yìnkùlé wọn níbẹ̀, Kẹ́hìndé sì ní òun ò ní lọ láìmú bàtà òjò òun tó ní àwòrán ẹja lára dání. Màámi ní kí n má dá ara mi láàmú, pé ẹsẹ̀ lásán làwa fi dàgbà nínú òjò yẹn, pé oge òyìnbó ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kó o wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bàtà náà wúwo, kílò ẹrù wa ò sì pọ̀. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ Agọ́-Ìwòyè ni mí, Dublin ni mo ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ kó bàtà náà lọ.

Òótọ́ ni màmá sọ o, ẹ bá mi kí wọn. Bí òjò bá ti ṣú, àwa la máa ń bọ́ bàtà ilé ìwé sínú ọ̀rá, a ó fẹsẹ̀ lásán gba inú àgbàrá délé, a ó sì fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ká tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn àgbà ń wọ̀ lọ sóko.

Bàbá tèmi kì í lọ oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò láìwọ rénbúùtù dúdú rẹ̀, èyí tó ga dé abẹ́ orúnkún. Ejò ni wọ́n ń ṣọ́ra fún. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Á ká jọ sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á bá ti ewé mu, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló máa ń bù ṣán, ẹsẹ̀ àti ojúgun ló sì sábà máa ń bá. Rọ́bà tó nípọn kì í ṣe oògùn ejò, àmọ́ ó sàn ju awọ ẹsẹ̀ lásán lọ fíìfíì. Aràn kan tún wà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ tútù tí wọ́n ti ṣe ìgbẹ́ sí ló ń gbé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọ inú ara, á wá máa mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ nínú ìfun. Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹsẹ̀ lásán kò pa wá. Kò pa wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara àwọn kan nínú wa kò le nígbà náà, a ò sì mọ ohun tó fà á.

Ẹ tún wo àwọn tó ń sin ẹja ní Eriwe, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí, tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn látàárọ̀, àti àwọn alápatà. Bàtà iṣẹ́ ni bàtà òjò láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oge ti wọlé náà kò fara sin. Ní 2005, wọ́n ya fọ́tò Kate Moss, gbajúmọ̀ afihàn-aṣọ ará Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀ níbi àjọ̀dún orin ní Glastonbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ṣoge. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló ti ni ín tipẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Hiram Hutchinson, ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1853 láti máa fi rọ́bà ṣe bàtà fún àwọn àgbẹ̀ tó ń fi bàtà onígi rìn nínú ẹrẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò ni irú èyí tẹ́ ẹ rà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà fún àkọ́bí mi rẹwà, ó ń dán, kò sì ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tá a délé, ọmọ náà bá bàbá àgbà rẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ kejì òjò. Ìsàlẹ̀ bàtà yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní eyín kankan tó lè di ilẹ̀ mú. Ojú ọ̀nà amọ̀ pupa yẹn yọ̀, ọmọ mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ìdí ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ sì rọ́ gba ẹnu bàtà wọlé. Ó sunkún títí a fi délé. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo fi ojú yan bàtà.

Nítorí náà, ẹ yí tàwọn ìbejì dà, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní eyín tó jinlẹ̀, tó sì ga dé ìdajì ojúgun, ẹja tí wọ́n yà sí i lára kò dí i lọ́wọ́. Kí ó fi àyè ìka kan sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òwú tó gùn ni kí wọ́n wọ̀ sí i nínú ooru tiwa, torí rọ́bà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mí, bí ìbọ̀sẹ̀ kò bá sì sí, ìgìgísẹ̀ á bó. Bí wọ́n bá ti oko dé, kí wọ́n bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ sálúbàtà. Ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa yún un.

Bí àgbàrá bá ń ṣàn kọjá lójú títì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí pé wọ́n wọ bàtà òjò kó sínú rẹ̀. Omi tó bá gba ẹnu bàtà wọlé á sọ ọ́ di ẹrù lẹ́sẹ̀ ọmọ, kò sì ní lè sáré.

Ní ti ẹrù, ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò péńpé wọn sínú bàtà náà kẹ́ ẹ tó dì í; kò ní dín kílò kù, àmọ́ kò ní gba àyè púpọ̀. Alaalẹ́, ẹ fi ìwé ìròyìn há a nínú kó gbẹ, ẹ má sá a sóòrùn, torí rọ́bà á sán. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù síta kí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àkekèé fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn.

Ẹ má rù ú padà bọ̀. Títí ìgbà tẹ́ ẹ bá tún padà lọ, kò ní gba Kẹ́hìndé mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá màmá lọ sóko.