Èsì: Lẹ́ǹsì wo ló dáa fún kọ́ìnì àti sítáǹbù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ ra lẹ́ǹsì 30x, ìyẹn èyí tó ń mú kí nǹkan tóbi ní ìlọ́po ọgbọ̀n lójú, torí pé nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ibi tẹ́ ẹ máa rí lẹ́ẹ̀kan náà ṣe ń kéré sí i, imú ọba nìkan lẹ ó máa rí lára kọ́ìnì, ọwọ́ yín á wá gbọ̀n díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ ti dàrú nìyẹn.

Èmi o, 5x ni mo fi ń wo kọ́ìnì látòkè délẹ̀, ìgbà tí mo bá fẹ́ yẹ ibì kan wò fínnífínní ni mo tó ń mú 10x, bíi ibi tí lẹ́tà ti jọ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá máa ra 10x, triplet ni kẹ́ ẹ wá, gíláàsì mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, kì í jẹ́ kí etí àwòrán wọ́ tàbí kí àwọ̀ tí ò sí níbẹ̀ máa yọ. Sítáǹbù ní tiẹ̀, 3x sí 5x tó fẹ̀ dáadáa ti tó láti wo eyín etí ẹ̀ bóyá ọ̀kan ti gé.

Ẹ gbé lẹ́ǹsì sún mọ́ ojú yín gan-an, kẹ́ ẹ wá rọra máa gbé kọ́ìnì bọ̀, tó bá jẹ́ 10x, àárín lẹ́ǹsì àti kọ́ìnì kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ kó tó mọ́ kedere. Kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, torí tẹ́ ẹ bá rọra yí kọ́ìnì lábẹ́ ẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi nǹkan nù ún á yọ bí ìlà tínrín-tínrín.