Ṣé "dúró" ni Zamzam túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà wa. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu, kì í dá lẹ́yìn ọjọ́ nǹkan oṣù mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó dé láti Mẹ́kà fún mi ní omi Zamzam, omi kànga tó wà níbẹ̀. Ó ní "dúró" ni Zamzam túmọ̀ sí, pé ohun tí ìyá Ìsìmáílà pè sí omi náà nìyẹn tí kò fi ṣàn lọ. Ó ní kí n máa pe "zam, zam" sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje kí n tó mu ún, ẹ̀jẹ̀ á dá. Ṣé ó wà nínú ẹ̀sìn? Ìrun mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Wà àlékúmú sàlámù, arábìnrin mi. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà.

Ìtàn yẹn pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ibn Abbas, sàhábà Ànábì wa, sọ, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari. Omi inú àpò awọ Hájárà, ìyá Ìsìmáílà, tán, ọmọ ọwọ́ ń ráre fún òùngbẹ. Ó rin àárín òkè Sọfá àti òkè Mọ́riwá lẹ́ẹ̀méje. Lórí Mọ́riwá ló ti gbọ́ ohùn kan, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé "ṣah", ìyẹn ni pé kí ó dákẹ́ kí ó fetí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí màláíkà tó ń fi gìgísẹ̀ tàbí ìyẹ́ apá wa ilẹ̀ títí omi fi yọ. Hájárà fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ yí omi náà ká, ó ń bù ú sínú àpò rẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí Ọlọ́hun kẹ́ ìyá Ìsìmáílà. Ká ní ó fi Zamzam sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìsun tó ń ṣàn ni ì bá jẹ́.

Ọwọ́ ló fi sé omi. "Ṣah" la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú hádíìsì yìí, a ò gbọ́ "zam, zam".

Ní ti orúkọ náà, "zamma" ní èdè Lárúbáwá ni kí a so nǹkan tàbí kí a kó o ní ìjánu. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe okùn ìjánu ràkúnmí ní "zimām". Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ kànga náà ti wá. Àwọn kan ní ọ̀pọ̀ omi ló túmọ̀ sí, àwọn mìíràn ní ìró omi ni. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹnu kò lé lórí, ẹ ò lè sọ ọ́ di ọfọ̀. Méje tí wọ́n sì kà fún yín, ti sá'yì ni, ìyẹn rírìn láàárín Sọfá àti Mọ́riwá, kì í ṣe ti omi mímu.

Ẹ mu omi yín o! Ànábì pè é ní omi alábùkún àti oúnjẹ, nígbà tí Abu Dharr, sàhábà rẹ̀, fi omi náà nìkan gbé ara ró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ṣe bísímílà, kí ẹ bẹ Ọlọ́hun fún ìwòsàn, Yorùbá náà ń gbà.

Ní ti ìrun, Fatima ọmọ Abu Hubaysh, obìnrin kan láyé Ànábì, ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí. Ànábì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ iṣan ni, kì í ṣe nǹkan oṣù: kí ó fi ìrun sílẹ̀ ní iye ọjọ́ tó máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti pé, kí ó wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò, kí ó kírun. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Ẹ wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra lẹ́yìn iye ọjọ́ yín, ẹ fi aṣọ dí ojú ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣe àlùwàlá tuntun nígbà tí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá wọlé. Ẹ lè gba ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá lè gba agbára lára ènìyàn, Ànábì sì pa á láṣẹ pé ká wá oògùn.

Tí ẹ bá ti fi ìrun kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yín, ẹ kọ iye tí ẹ rántí sílẹ̀ kí ẹ tó pè mí. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí sísan án, mo sì fẹ́ mọ bí tiyín ṣe jẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀.