Kí ẹ tó fi Windows tuntun sí i, ẹ kó fáìlì yín jáde ná

Ẹ kú wàhálà laptop HP yín tí kò wọ Windows mọ́ yìí. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, pé àmì HP máa ń yọ, tí Automatic Repair á sì ní òun kò rí i tún ṣe, ó jọ pé Windows inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Òmíràn ṣeé fi síbẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń jẹ́ format, ìyẹn pípa gbogbo ohun inú disk rẹ́.

Ẹ pa á, ẹ tan án padà, kí ẹ máa tẹ F2 léraléra. Ojú ìwé àyẹ̀wò HP á ṣí. Ẹ ní kó yẹ hard disk wò. Bó bá kọ FAILED, tàbí tí kò rí disk kankan, disk lẹ máa pààrọ̀. Windows tí ẹ bá fi sórí disk tó ń kú lọ kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Bó bá yege, ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn àti fláàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà ló máa pa rẹ́ o. Ẹ gba Media Creation Tool lórí ìkànnì Microsoft fúnra wọn, kó kọ Windows sórí rẹ̀. Ẹ ra dátà tó lé ní 6GB sílẹ̀. Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti October 14, 2025, nítorí náà bí laptop bá ní TPM 2.0 (ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà), tí processor Intel rẹ̀ sì jẹ́ 8th gen (ìran kẹjọ) sókè, Windows 11 ni kí ẹ mú.

Ẹ ki fláàṣì bọ laptop, ẹ tan án, ẹ tẹ Esc, ẹ tẹ F9, ẹ mú fláàṣì. Bí ojú ìwé tí a ti ń yan èdè bá ti yọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá tí fáìlì wọn fi ń lọ. Ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ fi Fn kún un. Nínú àpótí dúdú tó ṣí, ẹ kọ notepad, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí File, Open, kí ẹ yí Text Documents sí All Files. Gbogbo disk yín á hàn, àmọ́ èyí tí ẹ mọ̀ sí C lè máa jẹ́ D. Ẹ wọ Users, ẹ wọ orúkọ yín, ẹ copy Documents, Pictures, Desktop àti Downloads, ẹ lọ paste wọn sórí external, ìyẹn hard disk ìta tí ẹ fi USB so mọ́ laptop. Kò ní fi ibi tó bá a dé hàn yín, á kàn dúró gbagidi bíi pé ó ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀ kó parí. Bí disk bá ní òun wà ní títì, BitLocker ni, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti disk. Nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i sábà máa ń wà nínú àkántì Microsoft yín. Ẹ kọ manage-bde -unlock D: -RecoveryPassword, kí nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e.

Ẹ yọ external kúrò kí ẹ tó fi Windows, kí ẹ má baà ṣèèṣì pa ìyẹn rẹ́. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí bátìrì sì kún, torí bí iná bá lọ láàárín, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ mú "I don't have a product key". Bó bá jẹ́ Windows onírú Home ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home náà ni kí ẹ mú, á dá ara rẹ̀ mọ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa gbogbo partition (apá tí a pín disk sí) tó wà lórí Drive 0, ìyẹn disk inú laptop, rẹ́ títí á fi ku Unallocated Space nìkan; aáwọ̀ MBR àti GPT, ìyẹn ọ̀nà méjì tí a ń gbà pín disk, á tán síbẹ̀. Bí disk kò bá hàn rárá, tí Intel rẹ̀ sì jẹ́ 11th gen sókè, dráífà Intel RST (ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí disk) ló ń béèrè: ẹ gbà á lórí ìkànnì HP, ẹ tú u sórí fláàṣì, ẹ tẹ Load driver.

Tó bá ti tún ara rẹ̀ tàn nígbà àkọ́kọ́, ẹ yọ fláàṣì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè gbé yín padà síbi tí a ti ń yan èdè. Bí kò bá rí Wi-Fi, ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering (tó ń fún laptop ní íntánẹ́ẹ̀tì fóònù), Windows Update á wá dráífà tó kù fúnra rẹ̀.